Bàbá Fúyẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ìdọ̀tí

Ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Fúyẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í fàkókò ṣòfò, ti ní kí wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ dànù, torí kí wọ́n tó tàn, ẹ̀kọ́ á ti fẹ́ẹ̀ parí. Bàbá yìí, tó ń tún rédíò ṣe lódìkejì títì, rí i, ó gun ọkọ̀, ó fìdí lé ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé e títí, kò gbé. Fúyẹ́ tí à ń wí yìí, ikùn rẹ̀ nìkan tó àpò sìmẹ́ǹtì.

“Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ti darúgbó.”

“Èmi náà ti darúgbó, Ọ̀gá. Ṣé kí wọ́n máa gbé mi lọ náà ni?”

Ọ̀gá kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó ń rò ó. Ó mọ̀ pé bí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn bá lọ, àwọn ọmọ ò ní rí òmíràn lò. Ó fún un di ọjọ́ Ẹtì láti tún wọn ṣe.

Bàbá ní ọjọ́ orí kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ètò tó ń darí wọn ló wúwo jù, ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn ètò fífúyẹ́ wà tí wọn kì í tà, kéèyàn sáà mọ èyí tó máa yàn. Ọgbọ́n tó fi ń yàn án ni pé á tan kọ̀ǹpútà, á bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì. Bí ife bá gbẹ kí kọ̀ǹpútà tó ṣe tán, ètò yẹn ti wúwo jù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá ń mu tíì gbígbóná bí ẹni mu omi.

Èyí àkọ́kọ́ lẹ́wà, ó ní òdòdó lójú. Ife mẹ́ta gbẹ. Èkejì yá, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú, ìlà kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ọ̀gá bi í pé kí ni àwọn ọmọ kéékèèké máa tẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sùúrù. Wọ́n ṣe ìjà yẹn di Ọjọ́bọ̀, tí ìyàwó Bàbá fi ránṣẹ́ pé ṣúgà ti tán nílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dán èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba wò. Kò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tí kọ̀ǹpútà fi ṣí. Inú Ọ̀gá dùn. Bàbá fajúro, ó ní èyí ò tilẹ̀ jẹ́ kéèyàn gbádùn ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kéde ikú Bàbá, Ọ̀gá wọ yàrá kọ̀ǹpútà láti ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Gbogbo kọ̀ǹpútà náà ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Àárò ẹni tó ń bá a jiyàn ti ń sọ Ọ̀gá. Ó fa àga kan, ó jókòó tì wọ́n.

“Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ,” ló wí.