Pọ́ọ̀ǹpù Bàbá Mi àti Káàdì Tó Ń Dún

Mo ti sọ ìtàn yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń sọ. Mo máa ń sọ bí ìjọ ṣe fọ́nká àti bí pásítọ̀ ṣe gba ojú fèrèsé. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín. Èyí tó kù, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ojú ń tì nítorí kọ̀ǹpútà.

Ayé ìjọba ológun ni. Wọ́n ti yunifásítì pa, àwọn olùkọ́ ń bá ìjọba fà á, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Mo padà sílé bàbá mi ní Òdìgbó. Ìyá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ, èmi nìkan ló kù fún un. Oko kòkó rẹ̀ wà lọ́nà Ajue, ó sì yẹ kí n máa bá a lọ. Mi ò lọ. Mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òrè, pé ibẹ̀ ni ayé ń lọ. Bàbá mi kì í jiyàn lórí ohun tí kò mọ̀. Ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run fún mi ní làákàyè.

Ọ̀gá mi ní Òrè ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró jẹun. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní, ìwé ìpè ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ló fi ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù kan wà nínú rẹ̀, ti sójà kan tó ń rìn nínú ilé òkùnkùn, tó ń yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tó bá yọjú. Bí ọ̀gá bá ti jáde lọ jẹun, mo ti jókòó tì í nìyẹn. Àwọn sójà gidi wà ní oríta lọ́hùn-ún, wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà, wọ́n á ní kí baba ọlọ́mọ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé kò tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nínú géèmù, ọwọ́ èmi ni ìbọn wà. Ó wù mí kí n ní tèmi nílé. Kí n má parọ́, ìdí tí mo fi fẹ́ ní kọ̀ǹpútà kò ju ìyẹn lọ.

Owó odidi kọ̀ǹpútà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, nítorí náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kó o jọ. A máa kọ ohun tí a fẹ́ sínú ìwé pélébé, a ó fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó, bó bá ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì ó máa já a fún wa ní Òrè. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ó ní, "Má wá èyí tó dára jù. Wá àwọn tó máa gba ara wọn." Mo kọ́kọ́ ra mọ́dàbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan yòókù máa ń jókòó lé. Tòkunbọ̀ ni. Mo ra mẹ́mórì méjì, nítorí pé pátákó yẹn kì í gba ẹyọ kan, bí o bá ki ẹyọ kan bọ̀ ọ́, kò ní dá ọ lóhùn. Mo ra páwápáàkì tó ń pín iná fún wọn. Ìdì wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi méjì ló jáde lára rẹ̀, ọ̀gá sì mú mi létí sọ fún mi pé dúdú gbọ́dọ̀ kọjú sí dúdú láàárín, bí mo bá pa wọ́n dà, gbogbo ohun tí mo rà máa jóná lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó kan mọ́nítọ̀, méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan jẹ́ dúdú àti funfun, kò ní àléébù kankan, òun gan-an ló yẹ ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé. Èkejì ní àwọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ti jó. Èyí tó jó ni mo mú, kí ẹ̀jẹ̀ inú géèmù lè pupa. Mo sọ fún bàbá mi pé dúdú àti funfun máa ń ba ojú jẹ́. Ó ní kí n má fi ojú mi ṣeré o.

Ní oṣù tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ pé. Mo so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì ìyá mi, dúdú kọjú sí dúdú, mo tan án, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ó ṣiṣẹ́. Géèmù ọ̀gá tí mo ti dà kọ sínú rẹ̀ ń lọ geere. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ìbọn ibẹ̀ kò dún bí ìbọn, pì, pì ló ń ké bí òròmọdìyẹ. Ó ń bí mi nínú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá pé káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní sáúńdì káàdì, tó máa mú kí ìbọn dún bí ìbọn.

Bàbá mi wọlé lọ́jọ́ kan tí mo ti pa kọ̀ǹpútà náà. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni fọwọ́ kan ọmọ tuntun. Ó ní, "Ó ti parí àbí?"

Mo ní, "Ó ku ohun kan, bàbá. Káàdì kan wà. Bí kò bá sí, kò lè ṣiṣẹ́."

"Kò lè ṣiṣẹ́ rárá?"

"Rárá, bàbá."

Ó ní a kì í kọ́lé dé orí òrùlé ká wá fi sílẹ̀ fún òjò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ní kí n kọ ìwé pélébé náà, kí n fún awakọ̀. Káàdì dé, pẹ̀lú sípíkà kéékèèké méjì. Mi ò béèrè ibi tó ti rí owó rà á. Ẹni tó bá mọ irú ohun tí òun ń ṣe kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, géèmù ló ń ṣí. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀. Iná ìjọba kì í pẹ́ kó tó lọ, mi ò sì fẹ́ fi ìṣẹ́jú kankan ṣòfò.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni bàbá mi sọ fún mi pé òun ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, pé lọ́jọ́ Ìsinmi a máa gbé ẹ̀rọ náà lọ dúpẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ra ọ̀kadà, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìlọta, iwájú pẹpẹ ni wọ́n ń kó o lọ kí wọ́n tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun. Pọ́ọ̀ǹpù tí bàbá mi fi ń fín kòkó, èyí tó ń pọ̀n sẹ́yìn, dé ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rántí bí òróró ṣe ń ṣàn lára rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá fi sípíkà sílé, kò ní dún, ó tán. Àwòrán nìkan, mo lè tètè pa á.

A gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá mi bọ́ sí iwájú nínú agbádá rẹ̀. Ó ní ọmọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ̀rọ yìí jọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ. Ó ní láti ìkórè ọdún yẹn lọ, ìjọ ò ní san kọ́bọ̀ láti tẹ ìwé ètò mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ wo ibi tí irọ́ mi gbé e dé. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan sórí ìwé, mi ò tilẹ̀ ronú kàn án rí. Ìgbà náà ni bàbá mi ki ọwọ́ sínú agbádá, ó yọ aṣọ kan tó di. Sípíkà méjèèjì ni. Ó ní, "O gbàgbé ìwọ̀nyí sílé. Ìwọ lo ní láìsí wọn kò lè ṣiṣẹ́."

Gbogbo ojú ń wò mí. Mo so wọ́n mọ́ ọn. Mo ṣì ní ìrètí kan, pé bí mo bá tan án, mo lè tètè fi ìka tẹ kíbọ́ọ̀dù láti dá géèmù dúró kó tó ṣí. Mo tan án. Pásítọ̀ ní ká dijú. Ó da òróró sí i lórí, ó sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí kíbọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Ta ló ń ti ọwọ́ pásítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àdúrà?

Ìbọn dún. Kì í ṣe ẹyọ kan o, rẹrẹẹrẹ ni.

Ẹ má gbàgbé ibi tí à ń sọ. Ogun abẹ́lé dé Òrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ó le kú, ìjà Òrè" tí gbogbo ayé fi ń ṣàwàdà ti wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tó wà nínú ìjọ yẹn ló sá wọ igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Sójà sì tún wà ní oríta nígbà tí à ń wí yìí. Kò sẹ́ni tó dúró wo ohun tó ń dún. Bẹ́ǹṣì ṣubú, ọmọdé ké, pásítọ̀ gba ojú fèrèsé pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́. Ìyá ìjọ, arúgbó tó máa ń fún mi ní àkàrà nígbà tí mo wà ní kékeré, wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fi gèlè bo orí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ kan tó ti kú tipẹ́.

Bàbá mi nìkan ni kò sá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wo mọ́nítọ̀, ibi tí sójà mi ti ń pa èèyàn kiri, tí ẹ̀jẹ̀ sì pupa dáadáa. Ó yíjú sí àwọn tó ń sá, ó na apá méjèèjì. Ó ní, "Ẹ má sá. Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ni." Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, ló fi sọ ọ́, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí lọ.

Kò bá mi wí. A gbé ẹ̀rọ padà sílé, ó jẹun, ó sùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Tèmi ò lò tó oṣù kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lè fara dà á mọ́, mi ò lọ sí Òrè, mo lọ sóko láti lọ bẹ̀ ẹ́, láti sọ gbogbo rẹ̀.

Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ohùn kan, pàì, pàì, bí ẹni ń fi ewé na ògiri. Mi ò gbọ́ ohùn pọ́ọ̀ǹpù. Mo bá a nídìí kòkó, ó gbé korobá oògùn kòkó kalẹ̀, ó ń ti ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n èso lórí igi bí àwọn bàbá àtijọ́ ṣe ń ṣe kí pọ́ọ̀ǹpù tó dé. Oògùn náà ń dà padà sí i lára. Irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun ti ní àwọ̀ aró. Ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n, omi ń dà níbẹ̀. Àwọn igi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dé, kòkó ti dúdú lórí wọn, ó ti rà, òjò ò sì dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Bàbá, pọ́ọ̀ǹpù dà?"

Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ ará Omifunfun kan. Owó rẹ̀ la fi ra káàdì."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ewé tó rin. Kí n tó lè la ẹnu, ó bi mí léèrè. Ó ní, "Èyí tó ń dún yẹn. Ṣé lóòótọ́ ni pé bí kò bá sí, ẹ̀rọ yẹn kò lè ṣiṣẹ́?"

Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀ tó pọ́n.

Mo ní, "Kò lè ṣiṣẹ́, bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Ìsinmi pé bóyá mo kàn sọ pọ́ọ̀ǹpù nù ni."

Ó ti ìgbálẹ̀ bọ korobá, ó sì lọ sídìí igi tó kàn.