Etí Ọ̀sà Tí Ìyá Onílé Ní Kí N Yà Wá

Mo rántí ìgbà tí mo háyà yàrá kan ní Benson, ní Ìkòròdú, tí gbogbo ìgbéraga mi wà lára lẹ́ńsì kámẹ́rà ògbólógbòó kan. Lẹ́ńsì náà kò lè wá ojú àwòrán fúnra rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ yí òrùka rẹ̀ títí nǹkan á fi hàn kedere. Iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lọ́dún tuntun ni mo fi kọ́ ọ. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí òrùka kiri, iná á ti kú. Ọ̀nà jíjìn ni mo máa ń yí i sí, n ó wá máa retí. Bí mo ṣe rí ìyẹn yà, mo bá sọ ara mi di ọ̀gá pátápátá!

Ọmọ Ejinrin ni ìyá onílé wa. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn délé mọ́, ojú wọn sì ń ṣú lọ.

"Fọ́tò," wọ́n ní, "bá mi ya etí ọ̀sà wa wá, kí n rí i kí ojú yìí tó lọ."

Àánú wọn ṣe mí. Mo gbọ̀nà Ejinrin, mo ya imú ọkọ̀ ojú omi kan tó mọ́ rekete, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ wá rí bàìbàì, bí àwa ayàwòrán ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo fọ àwòrán náà ní ńlá, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ tìdùnnútìdùnnú. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà.

"Ilé wa dà? Àbí ojú mi ti lọ tán ni?"

Yéè! Mo yára fèsì. "Ojú yín kọ́, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Èmi wá sọ ilé onílé di èéfín. Mo padà lọ, mo yí òrùka sí ọ̀nà jíjìn, mo ya páànù òrùlé, igi àgbọn àti àwọ̀n tí wọ́n sá, láìsí àṣejù kankan.

Nígbà tí mo gbé èyí náà dé, màmá ń fi ìka tọ páànù kọ̀ọ̀kan. Ìka dúró lórí páànù ilé wọn.

"Ẹ kú ilé o," ni wọ́n wí fún àwòrán náà.

Àwa méjì péré la wà ní yàrá. A kì í sì í kí ilé kó má dáhùn.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni mo wí. Omijé bọ́ lójú wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ojú náà ti lọ báyìí. Mo ti ya àwòrán tó lẹ́wà jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé màmá ti délé kí ojú náà tó lọ.