Ẹran Tó Tún Hù Lójú Mi

Kò sí jórinjórin tó tó mi ní gbogbo àdúgbò Narayi, ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí dókítà gé ẹran tó hù sójú ọ̀tún mi lẹ́ẹ̀kejì, tó fún mi ní oògùn tí mo máa kán sí i àti ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin kà á fún mi. Ṣé èmi ni wọn yóò kọ́ ní oògùn kíkán? Nígbà tí ojú mi mọ́ kedere lọ́sẹ̀ kejì, mo pa oògùn tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fá irùngbọ̀n, mo wo dígí. Ẹran náà ti padà! Abẹ já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré gba ilé ìwòsàn lọ.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ dáwọ́ dúró?” ni dókítà wí. “Oṣù mẹ́ta ni mo kọ síbẹ̀. Tó bá tún hù lẹ́yìn èyí, ẹyinjú yẹn la máa yọ.”

Èmi! Olójú kan!

Ó gé e lẹ́ẹ̀kẹta. Mo délé, mo na ìwé tuntun tó fún mi sí ọmọ mi.

“Kà á fún mi, látòkè délẹ̀.”

“Tòò, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ má dìde títí n ó fi parí.”

Mo jókòó.