Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Wa Kì í Fẹ́ Gbọ́

Ní ọ́fíìsì wa ní Akínyẹlé, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀gá wa kórìíra: "pa". A lè pa iná, a lè pa fáànù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ká pa ìkànnì wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi ṣe fáàrí fún gbogbo àlejò pé tọ̀sán-tòru ni ayé ń wò ó.

Inú kọ̀ǹpútà kan tí Linux ń darí ni ìkànnì náà wà, òun àti dátábéèsì, àkójọ àkọsílẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ Màmá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Àgbà obìnrin yìí ti fi ìgbà èwe rẹ̀ rìn ká àwọn abúlé Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, ó ń béèrè irú ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn àti bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà tán ni ikán jẹ gbogbo ìwé tó kọ ọ́ sí. Ó ṣì ń tún un tò lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń dà á kọ sórí téèpù, kí ẹ̀dà lè wà bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jẹ́ ká pa dátábéèsì yẹn díẹ̀ ná, sà. Bí Màmá ṣe ń tún un tò yìí, ìdajì ẹ̀dà wa á jẹ́ ti àtijọ́, ìdajì á jẹ́ tuntun."

"Pa kẹ̀? Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lo fẹ́ pa? Dà á kọ bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi, mo sì dà á kọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń ka òròmọdìẹ tí ò dúró lójú kan. Téèpù ń yí, Màmá ń tẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára ẹ̀rọ téèpù pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ọ̀gá ní ṣé mo rí i pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù iná yẹn ń bà mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú láti apá Ṣáṣá. Ààrá sán, a gbóòórùn wáyà tó ń jóná, kọ̀ǹpútà náà ò sì jí mọ́. A gbé òmíràn wá, mo ki téèpù bọ̀ ọ́, Màmá fa àga sún mọ́ mi.

"Bá mi wá ẹ̀wà dúdú Lágelú."

Orúkọ rẹ̀ yọ. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. A wá ti Ọ̀nà-Àrà: àlàyé wà níbẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀wà mìíràn ni. Mo gbé téèpù tó ṣáájú sí i, bákan náà ni.

Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àwọn tó sọ ọ́ fún mi ti kú tán." Kò pariwo.

Ó ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀gá wa, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wá rọra sọ fún mi pé, "Jọ̀ọ́, pa kọ̀ǹpútà yẹn."