Kámúṣáàfù Méjì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Dádì

Páìpù kan wà lẹ́yìn ògiri kíṣíìnì wa ní Moorings, nílùú òyìnbó, tó máa ń dún láràárọ̀ bí a bá tan hítà. Kì í ṣe ariwo ńlá. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Á wá fi kọ́, kọ́ parí rẹ̀. Kí Dádì tó kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú wa. Mo pe àwọn tó ni ilé. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ó gbé etí lé ògiri, ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní digírì méjì, mo sì ti kọ ìwé gígùn kan rí ní yunifásítì láti fi yé àwọn èèyàn pé ìbẹ̀rù òkú kò ju àṣà lásán lọ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan hítà títí Mọ́mì á fi jí.

Mẹkáníìkì ni Dádì. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì lo ohun tó ju ogún ọdún lọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ ibùdókọ̀ Arsenal. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, ọ̀kan wà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jogún rẹ̀: kámúṣáàfù méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé bí ọmọ tuntun.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kámúṣáàfù ni ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tó ní kókó lára. Bó ṣe ń yí, kókó kọ̀ọ̀kan á ti fáàfù kan ṣí, kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Kókó mẹ́jọ ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tiwa. Mo ní "tiwa". Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Òyìnbó kan ní Thamesmead North, tó ti bá Dádì ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ló ni ẹ́ńjìnnì tí ọ̀kan nínú wọn ti jáde: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje láti Amẹ́ríkà, tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, tí irú rẹ̀ tó kù láyé kò pọ̀. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó yọ kámúṣáàfù rẹ̀ fún Dádì pé kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí òun máa fi ẹ̀dà sáré, kí ojúlówó sì máa sinmi. Dádì lo oṣù mẹ́ta. Ó gbé méjì padà, ojúlówó àti ẹ̀dà, méjèèjì ń dán yinrin.

Òyìnbó wò wọ́n, kò mọ èwo ni èwo, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin ni wọ́n, tí wọ́n máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ Sunday láti wo irin. Bí wọ́n bá fẹ́ pe "ojúlówó", wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, bí àwa ṣe máa ń ṣe bí alhaji kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ọ̀kan nínú wọn gbé gíláàsì sójú, ó wá àmì ọ̀dà yẹ́lò kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe irú kámúṣáàfù bẹ́ẹ̀ máa ń fà sára rẹ̀. Kò rí i. Ó dájọ́ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀dà ni méjèèjì, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yẹn ti ta ojúlówó.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, òyìnbó náà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó kó méjèèjì jù sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, ó sì pe Dádì lólè lójú gbogbo sítíríìtì. Dádì ò bá a jà. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wọ̀n ọ́n." Ó kó wọn wọlé. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi pé láti ìgbà náà, bó bá ń mu tíì, ìka rẹ̀ á máa kan tábìlì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun sí Dádì lára, ààfáà bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè: ṣé àmáánà ẹnikẹ́ni wà lọ́wọ́ olóògbé, ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ tí kò tíì dá padà? Mo rí Mọ́mì láàárín àwọn obìnrin, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Lẹ́yìn fidáù ọjọ́ kẹjọ, ó pè mí wọ yàrá.

"Kí ogójì ọjọ́ tó pé, mo fẹ́ mọ̀. Bó bá jí i, kí n máa bá a tọrọ àforíjì. Bí kò bá jí i, ẹni tó pè é lólè ló máa sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Dádì ò lè jalè."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sùn lórí nǹkan yẹn. Mi ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o mọ ìdí ẹ̀?"

Mo jókòó tì í létí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dá mi lóhùn."

Mo pe òyìnbó lórí fóònù. Mo sọ ohun tí Mọ́mì fẹ́ fún un. Ó ní ká máa kó wọn bọ̀ ní Saturday.

Láàárọ̀ Saturday náà, mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí kíṣíìnì, mo bá Mọ́mì nídìí síǹkì. Ó ti ká apá aṣọ sókè. Ó fi kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ dojú kọ àwọn kámúṣáàfù náà, ó ń fọ̀ wọ́n bí ìkòkò tó jóná.

"Mọ́mì! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ojú ẹ fọ́ ni? Mò ń fọ nǹkan."

"Ẹ̀rí ni o! Ẹ̀rí lẹ ń fi ọṣẹ fọ̀ yẹn!"

"Ẹ̀rí kì í wẹ̀ ni, ọ̀mọ̀wé? Ṣé bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan onínǹkan padà nìyẹn, tòun ti ìdọ̀tí? Dádì ẹ ló kọ́ mi. Ní Mushin, bí wọ́n bá gbé páàtì padà fún kọ́sítọ́mà láìfọ̀ ọ́, ìgbátí ọ̀gá wọn á kọ́kọ́ bá wọn ná. Ti òyìnbó yìí gan-an, àbí o ò rántí? Ọjọ́ méjì ló fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ nínú báàfù mi. Ó ní ọ̀dà kan lẹ̀ mọ́ ọn tí kò fẹ́ kúrò, ọ̀bẹ ló fi fá a."

Omi ń ṣàn nínú síǹkì. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń bèèrè pé, "Irú ọ̀dà wo?"

"Yẹ́lò kan báyìí. Ó ní kò dáa lójú."

Mo jókòó. Lẹ́yìn ògiri, páìpù dún lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dákẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

A wọ bọ́ọ̀sì, a kó wọn sínú báàgì tí Mọ́mì fi ń ra ìrẹsì. Òyìnbó náà ti gbó. Ọ̀kan nínú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já. Nínú gáréèjì rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bo ẹ́ńjìnnì náà láti òkè délẹ̀, ó sì ká etí aṣọ náà sábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mọ́mì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú kúrò. Èmi náà mọ ibi tí a ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo sọ fún un nípa kẹrosíìnì, ọ̀bẹ àti ọ̀dà yẹ́lò.

"Ó fọ̀ ọ́?" ló ní.

"Ó fọ̀ ọ́ kó lè wù yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó." Gẹ̀ẹ́sì ló sọ o. Èmi ni mo fi "ẹ" sí i lẹ́nu, kó lè jọ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé.

Àmọ́ ìtàn ọṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámúṣáàfù kan lé orí ìdúró rẹ̀, ó gbé aago ìwọ̀n kékeré kan lé e lórí, irú èyí tó ní abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀. Kókó kọ̀ọ̀kan ń ti abẹ́rẹ́ sókè. Ibi kan náà ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbé e dé. Ó gbé e kúrò, ó gbé ìkejì síbẹ̀. Ẹyọ kan, ó gòkè. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, abẹ́rẹ́ ò dé ibẹ̀. Ó kù díẹ̀, bíi fífẹ̀ irun orí. Èje àti ẹ̀jọ tún gòkè pé.

Mo wo ọwọ́ mi. Ìka mi ti ń kan bẹ́ǹṣì òyìnbó náà, bí ìka Dádì ṣe máa ń kan tábìlì: márùn-ún, ìdákẹ́, méjì. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó na ọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀fù tó wà lókè orí rẹ̀, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ́ìlì ti mu. Nígbà tó ra ẹ́ńjìnnì náà ló kọ ọ́. Ìwọ̀n kókó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀kẹfà: èyí ti jẹ, kò ga bí ìyókù. Ohun tí abẹ́rẹ́ wí gan-an nìyẹn. Ọ̀bẹ ò lè fá èyí kúrò. Ìwé náà ti wà lókè orí rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, kò ju kó na apá lọ.

"Ọ̀dà ni wọ́n ń wò," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi sì ń wo ẹnu wọn."

"Kí ló sọ?" Mọ́mì bi mí.

"Ó ní ojúlówó nìyí, Mọ́mì. Dádì ò jí nǹkan kan."

"Ẹnu tìẹ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Òyìnbó dìde, ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi lé ròrò sí i lójú. Mọ́mì gbọ́ ọ tán.

"Sọ fún un pé inú gáréèjì kọ́ ló ti pè é lólè."

Òyìnbó ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa padà sí Moorings. Mọ́mì mú un dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ó ní kó kọjú sí sítíríìtì. Kò sẹ́ni níta ju ọkùnrin kan tó ń ti bíìnì ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Òyìnbó sọ ọ́ pé Dádì kì í ṣe olè, pé ohun tí òun fi sí i lọ́wọ́ ló gbé padà fún òun.

"Kó gbé ohùn sókè," Mọ́mì ní. "Nígbà yẹn, ó gbé e sókè."

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ fọ́ lágbedeméjì. Ọkùnrin oníbíìnì náà, tí kò tíì ju ọdún kan lọ ní àdúgbò wa, wò wá lọ wò wá bọ̀, ó ní, "Okay," ó sì ti bíìnì rẹ̀ wọlé. Àwọn tó gbọ́ èébú ọjọ́sí, àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti kú.

Òyìnbó gbé ojúlówó lọ. Ó ní ẹ̀dà yẹn péye ju ojúlówó lọ, òun ì bá fẹ́ gbé e náà. Mọ́mì kọ̀. Ó ní iṣẹ́ ọkọ òun nìyẹn. Ó dá a padà sínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo tan hítà. Mọ́mì wà nídìí síítóòfù, ó ń se omi tíì. Páìpù bẹ̀rẹ̀: márùn-ún. Àwa méjèèjì dúró.

"Afẹ́fẹ́ ni, Mọ́mì," ni mo sọ.

"Mo mọ̀," ló ní, ó sì dín iná kù, kí ariwo omi má bàa bo méjì tó kù mọ́lẹ̀.