Awò Kékeré Tí Mo Gbé Lọ sí Gouka

Ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, awò kámẹ́rà ló fà á. Ìyàwó mi ní ọjọ́ orí ni, ẹ má dá a lóhùn.

Kámẹ́rà onígi ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Bantè, èyí tí a ń fi aṣọ dúdú borí ká tó wo inú rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó ojú ìwé. Awò méjì ni mo ní: èyí ńlá wúwo bí ọmọ ọlọ, èyí kékeré kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Savalou ti kìlọ̀ fún mi.

"Ìmọ́lẹ̀ róbótó ni awò ń dà sórí fíìmù. Bí kò bá bo fíìmù tán, etí fọ́tò á dúdú. Má torí ìrọ̀rùn èjìká rẹ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ o!"

Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́, ara kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí síbi ìkómọ ní Gouka. Mo ro eruku ọ̀nà àti alùpùpù mi tó ti gbó, mo bá mú awò kékeré. Sikira ni ìyá ìkókó, ìyá rẹ̀ sì ti Tchetti wá. Wọn kò ya fọ́tò rí láyé wọn. Nígbà tí mo to ẹbí fún fọ́tò, mo ní kí wọ́n jókòó sí àárín, wọ́n kọ̀.

"Ilé àna mi nìyí, ọmọ mi. Ṣé èmi ni n ó wá jókòó sí àárín ilé àna?"

Wọ́n lọ dúró sí ìpẹ̀kun ìlà. Lábẹ́ aṣọ dúdú, mo rí i pé etí àwòrán ṣú díẹ̀. Mo ní òjìji aṣọ ni.

Nígbà tí Sikira wá gba fọ́tò, ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi dà?"

Ọwọ́ ìyá nìkan ló yọ, lórí èjìká ọmọ kan. Ìyókù dúdú kirimú. Sikira bú sẹ́kún.

"Ara wọn kò yá mọ́. Bí wọ́n bá lọ báyìí ńkọ́?"

Háà, ojú tì mí! Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, mo gbé awò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, mo gba Tchetti lọ. Mo gbé àga síwájú ilé ìyá. Ìyá tún yà sí ẹ̀gbẹ́.

"Ìyá, ilé yín nìyí o."

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ mà ni." Wọ́n wá jókòó sí àárín gan-an.

Ìyá ti lọ báyìí. Fọ́tò yẹn wà ní yàrá Sikira, ó mọ́ kedere dé igun. Àní adìyẹ tó ń jẹ̀ létí ògiri hàn. Bí òtútù bá mú, ẹ̀yìn tí mo fi gbé awò ńlá yìí a máa ro mí. Mo máa ń sọ fún un pé: máa ro lọ, ìyá ti jókòó sí àárín.