Ẹnà Tí Mo Kọ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú eré ìjà orí tẹlifíṣọ̀n, àṣírí kì í pẹ́ tú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á máa sáré lójú ẹ̀rọ, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti tú àdììtú. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọ́fíìsì wa n'Ìkòsì: èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn ọ̀daràn, èmi náà ni mò ń pilẹ̀ àdììtú wọn. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà nínú gbogbo rẹ̀: ẹrù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà sú Ọ̀gá Rótìmí, olùdarí wa.

"Ṣadé, wá nǹkan míì jàre. Something local."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo ẹnà."

Ta ni kò mọ ẹnà? "Wá" á di "wágá", "lọ" á di "lọgọ". Òun làwọn ọmọdé fi ń sọ̀rọ̀ káwọn àgbà má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lá ní tàwọn ará àdúgbò ti rọrùn jù, ó dá tiwa sílẹ̀: a ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ná. "Wálé" á di "léwá", "léwá" á wá di "légéwágá". Orí ibùsùn wa ní Kétu la ti máa ń sọ ọ́, tá a ó sì máa fi Daddy ṣe yẹ̀yẹ́.

Bọ́lá ò sí nílé mọ́. Daddy kọ ọkùnrin tó mú wá, wọ́n ní bó bá fi lè fẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ò lọ, a ò mọ ibi tó wà. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Bí mo bá rí obìnrin tó ń rìn bíi tirẹ̀ lọ́jà Mile 12, màá tẹ̀ lé e títí màá fi rí ojú rẹ̀. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé Bọ́lá kì í fi eré ìjà ṣeré.

Mo bá kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀daràn, ní ẹnà tiwa: "Bọ́lá, wálé. Inú Daddy ti rọ̀." Daddy ò rán mi o. Ní ti ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀, ẹrù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà ni mo fi síbẹ̀.

Òṣèré tó fẹ́ sọ ọ́ bi mí pé, "Aunty, kí lèyí gan-an?"

"Ẹrù ń bọ̀ ni. Ṣáà sọ ọ́ bó o ṣe rí i."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, èmi àti Daddy la jọ wò ó ní pálọ̀. Bí ọ̀daràn ṣe sọ̀rọ̀ tán, Daddy yọ awò ojú wọn.

"Ohun tọ́kùnrin yẹn sọ kọ́ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn."

"Daddy, ẹ gbọ́ ọ?"

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ògiri létí ni? Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn ni mò ń gbọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú pé mo fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọn ò wò mí. Àwọn ọlọ́pàá ti ń lé ọ̀daràn kiri lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú Daddy ò kúrò níbẹ̀.

"Ṣé wàá tún kọ òmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy."

"Má kọ ọ́ pé inú mi ti rọ̀. Kọ ọ́ pé mò ń bẹ̀ ẹ́."

Mo ti kọ ọ́, wọ́n sì ti gbé e jáde. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, èmi àti Daddy la jọ ń dìde.